Àbúrò mi ti sọ ní kọ́ọ̀tù pé òun jẹ̀bi, ṣé a ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Ọmọ_Ìyá_Kan:

Ẹ ń lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á, oorun ò kùn mí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23 ni, ó ra láptọ́ọ̀pù kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti jí i láti ibòmíì ni, àwọn ọlọ́pàá wá tọ láptọ́ọ̀pù yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ wọ́n sì mú un. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó gba ẹrù olè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní àtìmọ́lé torí a ò rí ẹni dúró fún béèlì ẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba yàn fún un, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fojú kàn án, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn sì ni àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ gan-an, lórí ìdúró, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáìlì wà lábẹ́ abíyá ẹ̀ kò tiẹ̀ ṣí i. Ó ní kó ṣáà ti sọ pé òun jẹ̀bi, pé ẹ̀sùn kékeré ni, pé adájọ́ á bá a wí, wọ́n á ní kó sanwó ìtanràn, á sì sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ bá sọ pé òun jẹ̀bi. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù 18.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ fún mi pé ẹni tó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, ó ti parí, kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò ní dárúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè tí a wà o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wa mọ̀. Ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá_T:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á kó o yọ. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ṣé wọ́n na ìbọn sí i ni? Ọmọ ọdún 23 kì í ṣe ọmọdé. Kí lẹ fẹ́ sọ fún àwọn adájọ́ tòkè, pé irọ́ ló pa fún ti ìsàlẹ̀? Tí gbogbo èèyàn bá ń sọ pé àwọn jẹ̀bi láàárọ̀ tí wọ́n wá ń kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ nírọ̀lẹ́ torí pé ìjìyà pọ̀, kọ́ọ̀tù wo ló máa ráyè? Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán kó jáde, oṣù 18 ò kí ń ṣe ọdún 18.

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù_Tẹ́lẹ̀:

Bọ̀dá_T, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín àmọ́ ẹ ti yára ti ilẹ̀kùn jù. Mo ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti lọ́yà, ṣùgbọ́n mo ti gba ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́wọ́ èèyàn débi pé mo lè wo òmíì kí n mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló máa kú sí.

Àǹtí, kí a tó sọ̀rọ̀ ìdí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹ ti lo mẹ́fà. Ní kọ́ọ̀tù àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún èèyàn láti fi nótíìsì sílẹ̀ pé òun fẹ́ pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní England, tó bá jẹ́ Crown Court, ìyẹn kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn tó le, ló dá ẹjọ́ náà, ọjọ́ 28 ni. Ní Nàìjíríà, láti High Court lọ sí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 90 ni fún ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ wá rí i bó ṣe yàtọ̀ síra. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù lọ́la, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀ fún yín. Tí ọjọ́ bá kọjá, èèyàn ṣì lè tọrọ àfikún àkókò, àmọ́ á ní láti ṣàlàyé gbogbo ọjọ́ tó fi jókòó, "a ń ronú lórí ẹ̀" kì í ṣe àlàyé.

Ó tún kù o. Kọ́ọ̀tù wo ló rán an lẹ́wọ̀n? Torí ní England, ẹni tó bá sọ pé òun jẹ̀bi ní kọ́ọ̀tù Magistrates, ìyẹn kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn kéékèèké, òfin wọn ti 1980 sọ pé orí ìjìyà nìkan ló ti lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò lè fi ọwọ́ kan ìdálẹ́bi yẹn fúnra ẹ̀, àfi láwọn ibì kan tó há gan-an. Crown Court wọn ò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gba tìdálẹ́bi, ṣùgbọ́n èèyàn á kọ́kọ́ gba àyè kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ó wá kan ohun tí Bọ̀dá_T sọ. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ̀bi tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, ẹ̀rí ló máa bá jà lókè, pé ẹlẹ́rìí yìí purọ́, pé adájọ́ ṣi òfin lò. Ẹni tó ní òun jẹ̀bi, kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó dúró, ẹnu ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ẹnu yẹn náà la máa wá yẹ̀ wò. Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ? Ṣé tinútinú ló fi sọ ọ́ àbí wọ́n tì í débẹ̀? Ṣé ohun tó sọ yẹn dá ṣáká pé ó gba ẹ̀sùn náà látòkè délẹ̀? Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti England kó o jọ nínú ẹjọ́ kan ní 2022, R v Tredget ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn lè wọ́gi lé ìdálẹ́bi bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà ló sọ pé òun jẹ̀bi, tí ohun kan bá ti ba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ jẹ́, bí àṣìṣe, ìmọ̀ràn òfin tí kò dáa, tàbí pé wọ́n fúngun mọ́ ọn, tàbí tó bá jẹ́ pé kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n gbé ẹjọ́ yẹn wá rárá, tàbí tó bá hàn kedere pé kì í ṣe òun ló ṣe é.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ìwé nìkan lèyí wà. Àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ètò kọ̀ǹpútà Horizon ń bá wọn ṣírò owó tí kò bára mu, ilé iṣẹ́ náà wá ní owó ń dín lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ ní kọ́ọ̀tù pé àwọn jẹ̀bi. Jo Hamilton wà nínú wọn, ó gbà pé òun kọ ìṣirò tí kì í ṣe òótọ́ kí wọ́n lè yọ ẹ̀sùn olè kúrò lọ́rùn ẹ̀, torí ó ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Ní April 23, 2021, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé ìdálẹ́bi èèyàn 39 lẹ́ẹ̀kan náà, tiẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2024, ilé aṣòfin ṣe òfin tó wọ́gi lé ti àwọn tó kù lápapọ̀. Nítorí náà Bọ̀dá_T, bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn máa ń sọ pé òun jẹ̀bi ohun tí kò ṣe, kò dìgbà tí wọ́n bá na ìbọn sí i.

Bọ̀dá_T:

Mo gbọ́ sà. Ti àwọn yẹn mo mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ló purọ́ mọ́ wọn. Tiwa yìí kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ ẹ̀ 😅

Èmi_Náà_Ríi:

Àǹtí ẹ kú ìdààmú. Èmi fúnra mi ti ṣẹ̀wọ̀n, ọdún méjì ó lé díẹ̀, èmi náà sọ pé mo jẹ̀bi, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ẹ mú èyí tó bá wúlò nínú ẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, gbogbo èèyàn níbẹ̀ lọ́yà ni. Ẹnì kan máa sọ fún àbúrò yín pé kó kọ ọ́ pé ara òun ò yá lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì á ní kó ní òun mu oògùn. Ẹ sọ fún un kó má kọ nǹkankan tí kì í ṣe òótọ́, torí wọ́n máa wá a rí. Èmi fọwọ́ sí ìwé kan, mi ò ka ìdajì ẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ pé ni lọ́yà tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá wá jókòó tì mí. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tí wọ́n bá gbà fún ẹ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀?" Mo ní màá lọ sílé ni. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, wọ́n lè dá ẹ padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹjọ́ máa lọ lákọ̀tun, kí ìjọba kó ẹlẹ́rìí jáde, tí wọ́n bá sì wá dá ẹ lẹ́bi lọ́tẹ̀ yìí, ìjìyà tí wọ́n dín kù fún ẹ torí o ò jẹ́ kí wọ́n wàhálà, ó ti lọ nìyẹn. Nínú tèmi, ẹ̀sùn méjì tí wọ́n ti yọ kúrò kí n lè gbà sí ọ̀kan, ìyẹn náà á jí dìde.

Ṣé ẹ rí i, èmi ṣe nǹkan yẹn ní tèmi. Ìjìyà ni mo ń bá jà. Lọ́yà yẹn ní kí a yí i padà, ká fi ìdálẹ́bi sílẹ̀ ká pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí iye ọdún nìkan. Wọ́n yọ oṣù mẹ́jọ. Ṣé ó tó? Kò tó, àmọ́ oṣù mẹ́jọ nínú ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun ẹ bi àbúrò yín ní ìdákọ́ńkọ́, ṣé o mọ̀ pé olè ni láptọ́ọ̀pù yẹn àbí o ò mọ̀? Kì í ṣe níwájú ìyá yín o. Tó bá mọ̀, ẹ lọ bá ìjìyà. Tí kò bá mọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọmọ_Ìyá_Kan:

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń sunkún mo tún ń rẹ́rìn-ín sí "gbogbo èèyàn lọ́yà ni". Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Mo bi í bẹ́ ẹ ṣe ní kí n bi í, èmi àti ẹ̀ nìkan. Ó búra pé òun ò mọ̀. Ó ní ọkùnrin yẹn sọ fún òun pé ilé iṣẹ́ tí òun ti kúrò ló fún òun ní láptọ́ọ̀pù, ó tiẹ̀ ní àpò ẹ̀ àti ṣájà ẹ̀ pẹ̀lú, iye tó rà á kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àlòkù.

Mo wá bi í pé kí ló sọ gan-an nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí. Ó ní òun sọ pé, "Mo jẹ̀bi sà, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ọjà olè ni." Pé adájọ́ gbójú sókè, lọ́yà wá fa apá ẹ̀wù òun, ó sọ fún adájọ́ pé "oníbàárà mi ń tọrọ àánú ni", adájọ́ bá kọ nǹkan sílẹ̀, ni ó bọ́ sí ti ìjìyà. Mi ò mọ̀ bóyá èyí já mọ́ nǹkankan, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù_Tẹ́lẹ̀:

Ẹ DÚRÓ ŃBẸ̀.

Àǹtí, ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀! "Mo kàn ń sọ ọ́ ni" kẹ̀. Ẹ̀sùn pé èèyàn gba ẹrù olè, kì í ṣe pé ẹrù wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló ń sọ o, ó tún ní láti jẹ́ pé ó mọ̀ pé olè ni, tàbí ibòmíì, pé ó ní ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Ẹni tó bá wá sọ pé "mo jẹ̀bi àmọ́ mi ò mọ̀", ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé ó fi ọ̀kan síta ni. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbà, ìdajì kejì kọ̀. Bí ẹni tó ní "mo jẹ̀bi, mo lù ú, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ sí mi" náà ni. Àárín wa níbí, tá a bá ní a jẹ̀bi, ẹ̀bẹ̀ la máa ń fi í bẹ̀ nígbà míì kí ìjà lè parí, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ń wò ó bóyá o gba gbogbo ohun tó para pọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ yẹn.

Ohun tó sì yẹ kí adájọ́ ṣe nígbà tó gbọ́ "àmọ́" yẹn ni pé kó dá ọ̀rọ̀ dúró kó bi í dáadáa, tí kò bá ṣe kedere, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní òun ò jẹ̀bi, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà fi í sínú òfin gbangba, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA ti 2015, abala 274: adájọ́ á kọ ohun tí olùjẹ́jọ́ sọ sílẹ̀ bó ṣe sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tó, á ní kí agbẹjọ́rò ìjọba sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, á sì bi olùjẹ́jọ́ bóyá ohun tó ń gbà nìyẹn. Tí ọkàn adájọ́ ò bá balẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ gbà, á kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀sùn tí ìjìyà ẹ̀ jẹ́ ikú, kódà kó fi gbogbo ẹnu gbà, pé kò jẹ̀bi ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún un. Àti ní England, ibi tí mo ní ó há yẹn ní Magistrates, ọ̀kan nínú ẹ̀ nìyí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dá ṣáká, Crown Court lè dá ẹjọ́ ẹ̀ padà kí wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi.

Amẹ́ríkà náà ní tiwọn látọjọ́ pípẹ́. Boykin, ní Alabama, ó ní òun jẹ̀bi ìdigunjalè márùn-ún, adájọ́ ò bi í ní ìbéèrè kankan, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé e ní 1969, wọ́n ní kò sí nǹkankan nínú àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé ó mọ ohun tó ń ṣe tàbí pé tinútinú ló fi sọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, ÀKỌSÍLẸ̀. Lọ́la yẹn náà, bẹ́ ẹ bá ti ń béèrè ọjọ́, ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa rí àkọsílẹ̀ ìjókòó yẹn gbà. Ibòmíì wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀, ibòmíì ìwé tí adájọ́ fọwọ́ kọ nìkan ló wà. Tó bá jẹ́ ohùn, ẹ kọ lẹ́tà kíákíá pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé adájọ́, tó sì kọ "mo jẹ̀bi" lásán láìkọ ìyókù, ẹ á nílò ẹni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ta ló wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ yẹn nínú yín?

Lọ́yà_Kékeré:

Ẹ kú àtàárọ̀. Lọ́yà ni mí, àmọ́ kì í ṣe lọ́yà yín, mi ò sì mọ orílẹ̀-èdè yín. Ohun tí bàbá akọ̀wé sọ dáa, mo fẹ́ fi omi tútù díẹ̀ sí i ni, kí ọkàn yín má bàa fò jù.

Ẹ má fi "lọ́yà ní á sùn nílé" ṣe ìdí àkọ́kọ́. Ìdí tí gbogbo èèyàn ń gbé wá nìyẹn, ó sì máa ń wó. Lọ́yà tó ṣi ìjìyà rò, ohun tí kọ́ọ̀tù máa sọ ni pé àfojúsùn ló ṣe kò ṣèlérí. Ìmọ̀ràn burúkú tó máa ń mú nǹkan wá ni èyí tó ba ìpinnu yẹn jẹ́ látìdí. Ní Amẹ́ríkà, Padilla, àjèjì kan, ẹjọ́ 2010, ó ti lé ní 40 ọdún tó ti ń gbé níbẹ̀, lọ́yà ẹ̀ ní kó má bẹ̀rù wọn ò ní lé e nílùú, irọ́ sì ni. Kọ́ọ̀tù ní iṣẹ́ lọ́yà ni kó sọ ìyẹn fún un. Lee, ní 2017, òun náà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé ká ní ó mọ̀ pé wọ́n máa lé òun ni, kò ní gbà pé òun jẹ̀bi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tó wà lòdì sí i le gan-an. Tiyín, ohun tó jọ ọ́ ni pé lọ́yà ò ṣàlàyé fún un pé tí kò bá mọ̀ pé olè ni, kò jẹ̀bi lójú òfin. Ìyẹn lẹ máa gbé síwájú, ẹ wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti fáìlì tí kò ṣí gbè é lẹ́sẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ti ní lọ́yà ò ṣe dáadáa, wọ́n máa lọ bi lọ́yà yẹn. Wọ́n á ní kí àbúrò yín fọwọ́ sí i pé ohun tí òun àti lọ́yà jọ sọ ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ti sọ fún un rí pé òun fura sí láptọ́ọ̀pù yẹn, ibẹ̀ ló máa ti jáde. Nítorí náà ìbéèrè tí Èmi_Náà_Ríi ní kẹ́ ẹ bi í yẹn, ẹ tún un bi.

Ibì kan tí mo yàtọ̀ díẹ̀ sí bàbá: "mo jẹ̀bi àmọ́" kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ níbi gbogbo. Amẹ́ríkà gbà kí èèyàn sọ pé òun ò ṣe é kó sì tún gbà kí wọ́n dá òun lẹ́bi, látìgbà ẹjọ́ Alford ní 1970, ọkùnrin yẹn ní torí ìbẹ̀rù ìdájọ́ ikú ni òun ṣe gbà, wọ́n sì jẹ́ kó dúró torí ẹ̀rí pọ̀ lòdì sí i. Ó sì tún ku ewu míì, ní England tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà ò bá nílárí, kọ́ọ̀tù lè pàṣẹ pé lára ọjọ́ tó lò lẹ́wọ̀n nígbà tí ẹjọ́ yẹn ń lọ kò ní wọnú ìjìyà ẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá irú ẹ̀ wà níbi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ ní kí lọ́yà tuntun kọ méjèèjì sínú nótíìsì, ìdálẹ́bi àti ìjìyà. Kó sì bá yín béèrè béèlì títí wọ́n á fi gbọ́ ọ, torí oṣù 18 lè tán kí ẹjọ́ tó dé òkè. Tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan pẹ̀lú ìjọba pé òun ò ní pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ gbé ìwé yẹn dání.

Bọ̀dá_T:

Tó bá rí bẹ́ẹ̀ mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ jàre. Ẹ rí i, èmi náà mọ̀ ọ́n jẹ 😂 Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń lọ, Àǹtí.

Ọmọ_Ìyá_Kan:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé o. Mo ti lọ. Wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí fún mi, ó ku ọjọ́ 15. Ìjókòó yẹn, wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀! Mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má pa á rẹ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Kò sí ìwé àdéhùn kankan. Lọ́yà tuntun máa rí i lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó àbúrò bàbá wa ló wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ yẹn, ó sì rántí pé ó sọ "àmọ́".

Ìbéèrè kan ló kù. Lọ́yà ní kí àbúrò mi fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀ kí òun tó dé. Ó ti kọ ọ́, àmọ́ kò já gaara, ó ń pooyì, ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rántí àwọ̀ táì adájọ́. Ṣé kí n bá a tún un kọ kó dán?

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù_Tẹ́lẹ̀:

Rárá o! Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àti táì náà, ẹ fi í síbẹ̀.